Kàlẹ́ńdà Alàgbà Dókítà Láyíwọlá

Ẹ̀yin ará, Ábúrámù gbé ayé fún ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún kí Olúwa tó fi nǹkan díẹ̀ kún orúkọ rẹ̀, kò sì bínú, kò lọ fún ara rẹ̀ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi dé Lewisville, lápá òkè Dallas, kí ẹ wá wo ọkùnrin tí kò lè dúró de Olúwa.

Pátákó orúkọ rẹ̀ fẹ̀ ju ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ lọ: Alàgbà Dókítà Láyíwọlá Ajíbóyèdé, Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́, Akọni nínú Ìgbàgbọ́. Nígbà tí wọ́n kàn án tán, ilẹ̀kùn ò ṣí mọ́. Wọ́n ní láti fi ayùn gé e sí méjì. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣílẹ̀kùn, "Akọni" á bá ilẹ̀kùn wọlé, "nínú Ìgbàgbọ́" á ṣẹ́kù sára ògiri níta. Àwọn nọ́ọ̀sì ní ògiri nìkan ló mọ òótọ́ sọ nínú ilé náà.

Iléeṣẹ́ Ọwọ́ Àánú ni, iléeṣẹ́ tó ń rán nọ́ọ̀sì lọ sílé àwọn aláìsàn. Mọ́mì Stella ló ni ín, opó kan tó fi mọ́tò ògbólógbòó kan àti àdúrà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nítorí pé ojú rẹ̀ wà lára àwọn aláìsàn, ó fi ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ lé Láyíwọlá lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìsinmi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń lọ. Bí kò bá tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé, ìwé lásán ni.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ "Dókítà" yẹn mú yín na apá fún abẹ́rẹ́. Yunifásítì Òkè Ìyè kan ní Ìkòròdú, tó ní yàrá méjì àti jẹnẹrétọ̀ kan, ló fi oyè náà dá a lọ́lá. Bàbá aláìsàn kan ní Balch Springs gbọ́ lọ́jọ́ kan pé Dókítà ló wà lórí fóònù. Ó yọ̀, ó ní, "Dókítà, àyà ń dùn mí." Alàgbà tún ọ̀fun ṣe, ó ní, "Bàbá, ẹ tètè pe 911, kí wọ́n bá yín wá dókítà."

Ṣùgbọ́n ohun tó fẹ́ràn ju oyè lọ ni kàlẹ́ńdà. Lọ́dọọdún ló ń tẹ ẹ̀dà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, oṣù méjìlá, àwòrán rẹ̀ méjìlá. Ní oṣù kìíní, ó ń rẹ́rìn-ín. Ní oṣù kejì, ó ń ronú, ó fi ìka kan ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tí eyín ń dùn. Ó gbé e kọ́ sí gbogbo yàrá, títí kan ibi tí ènìyàn ti ń ṣe gáà. Àwọn òṣìṣẹ́ á gba tiwọn pẹ̀lú ọpẹ́, wọ́n á gbé e délé, wọ́n á fi tẹ́ abẹ́ àpò ìrẹsì. Kò sẹ́ni tó ń ṣí i wo.

Ó wá dá ìsìn kan sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ní Monday àkọ́kọ́ nínú oṣù, bí aago mẹ́sàn-án bá ti lù, kí gbogbo ènìyàn dìde ní yàrá ìpàdé. Timothy, akọ̀wé rẹ̀, á ka gbogbo oyè náà, láìmí. Alàgbà á pàṣẹ, "Ẹ ṣí oṣù!" Haneefah, ọmọbìnrin Ìwó tó ń tọ́jú ìwé ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́, ló ń ṣí i, nítorí òun nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ tó ìṣó náà. Ojú tuntun á yọ. Gbogbo ilé á pariwo, "Happy new month! Oṣù á tù wá lára!" Alàgbà á sì wo ara rẹ̀ lára ògiri, á rí i pé ó dára. Ọlọ́run gan-an, ẹ̀yin ará, lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà ló tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ó wá ṣe, ìwé kan dé iwájú rẹ̀.

Mọ́mì Stella ti ṣe òfin kan. Nígbà tó bí àkọ́bí rẹ̀ nílẹ̀ yìí, ọjọ́ kẹsàn-án ló padà sẹ́nu iṣẹ́, tí wàrà ń ro láyà rẹ̀ tí ó ń ti orí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn kan bọ́ sí òmíràn. Ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé kò ní ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tó bá ń jẹun lọ́wọ́ òun. Bí wọ́n bá bímọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún ni ìsinmi, paycheck kò sì ní dúró. Bí ọkọ àti aya bá jọ ń ṣiṣẹ́ ní Ọwọ́ Àánú, kí wọ́n pín in láàárín ara wọn bó bá ṣe wù wọ́n.

Táyọ̀ àti Fèyísọ́lá bí Ṣemílọ́rẹ ní ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní ọdún 2025. Táyọ̀ ló ń fi kọ̀ǹpútà ṣètò ibi tí nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ń lọ, Fèyísọ́lá jẹ́ nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Méje tó kù, Táyọ̀ ló fẹ́ gbà á. Ìyá ọmọ náà ní láti dé ọsibítù kan ní Arlington ní Monday, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹta, láti bẹ̀rẹ̀ ìkọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì àgbà tó ti ń lépa láti ọdún mẹ́rin. Bí kò bá yọjú lọ́jọ́ náà, àyè rẹ̀ di ti ẹlòmíràn, ó di ẹ̀yìn ọdún kan gbáko.

Tọkọtaya náà wọ ọ́fíìsì Alàgbà, Táyọ̀ fi ọwọ́ kan kápẹ́ẹ̀tì. "Ẹ káàárọ̀, sà."

"Alàgbà Dókítà," ni Timothy fi tún un ṣe.

"Ẹ káàárọ̀, Alàgbà Dókítà, sà."

Alàgbà gbé ìwé náà sókè bí ẹni tó di ìrù eku mú. "Ọmọkùnrin, kí lo fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ méje ṣe nílé?"

"Mo fẹ́ tọ́jú ọmọ mi, sà."

"Ṣé ọmú wà láyà rẹ ni?"

Timothy rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Ọmú! Háà, Dókítà, ẹ fẹ́ pa wá! Ọmú!"

"Ọmú ò sí láyà ìgò, sà," ni Fèyísọ́lá wí, "ọmọ sì ń mu ún."

Ẹ̀rín Timothy gé lójijì bí iná Nàìjíríà.

"Ìyá rẹ ńkọ́?" ni Alàgbà bi Táyọ̀. "Ìyá la fi ń wẹ ọmọ nílẹ̀ wa. Kó wọ bàálù."

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti kọ físà fún un ní Èkó, sà."

"Ẹ gbààwẹ̀. Físà ń bẹ lọ́wọ́ Olúwa."

"Olúwa náà ló fi òfin yìí sọ́kàn Mọ́mì, sà. Bíbélì ní kí ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó má lọ sógun, kó gbélé fún ọdún kan, kó mú inú aya rẹ̀ dùn. Ọdún kan ni Mósè fún wọn. Ọ̀sẹ̀ méje làwa ń bẹ̀bẹ̀ fún."

"Mósè ò ní HR!" ni Alàgbà ké. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn lẹ́nu, ó ní kí Timothy kọ ọ́ sílẹ̀. "Mo mọ àwọn ọkùnrin. Wọ́n á ní àwọn ń lọ tọ́jú ọmọ, wọ́n á lọ máa jayé kiri. Kò sí ẹni tó lè fi ìyẹn gbá mi mú."

Ẹ fi etí sí i dáadáa. Àwọn àgbà ní olè ló mọ ẹsẹ̀ olè é tọ̀ lórí àpáta.

Ó wá gbé ìdájọ́ kalẹ̀: ìgbìmọ̀ kan yóò jókòó láti wádìí bóyá Táyọ̀ ní ọwọ́ bàbá. Òun ni alága, òun náà ni yóò ka ìdájọ́, Timothy ni yóò máa pàtẹ́wọ́. Táyọ̀ yóò wẹ ọmọ níwájú wọn. Kì í ṣe Ṣemílọ́rẹ o. Ọmọláńgidi oníròbà tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì bí a ṣe ń tẹ àyà ọmọ tí kò mí. Ọjọ́ náà yóò jẹ́ Monday, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, aago mẹ́jọ ààbọ̀. Ó mú ọjọ́ náà nítorí kí Mọ́mì Stella lè wà níbẹ̀, kó rí bí òun ṣe ń fi ọgbọ́n ṣe iṣẹ́, kó sì bá wọn ṣí oṣù.

Nígbà tó délé, ó ròyìn rẹ̀ fún Ọlábímpé, ìyàwó rẹ̀, tóun náà ń ṣiṣẹ́ ìwé ní Ọwọ́ Àánú. Obìnrin náà ń ká aṣọ ọmọ.

"Bàbá Ayọ̀ladé," ló wí, "ẹ fi àwọn ọmọ yẹn sílẹ̀ o."

"Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan kan. Mo kàn ní kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ni."

Ayọ̀ladé, ọmọ wọn, ọmọ oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ kọjá lẹ́bàá ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, kò wò ó. Ó lọ bá kàlẹ́ńdà lára ògiri, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu ojú àwòrán náà. "Daddy!"

"O rí i?" ni Alàgbà wí, inú rẹ̀ dùn dé ọ̀run. "Ọmọ mọ bàbá rẹ̀!"

Ọlábímpé wo ọmọ, ó wo ògiri, ó wo ọkọ rẹ̀. Ó ń ká aṣọ lọ.

Ọjọ́ Monday pé. Yàrá ìpàdé kún. Wọ́n gbé báàfù búlúù sórí tábìlì, omi gbígbóná ń rú èéfín, ọmọláńgidi náà ranjú sí àjà bí ẹni tó ti mọ ohun tó ń bọ̀. Lára ògiri, Alàgbà ti oṣù kejì ṣì ń ronú. Fèyísọ́lá jókòó sẹ́yìn, Ṣemílọ́rẹ sùn láyà rẹ̀. Ó kù ọjọ́ méje kó dé Arlington.

Táyọ̀ ká aṣọ sókè. Ó ki ìgúnpá bọ omi, ó bu tútù díẹ̀ sí i, ó tún ki ìgúnpá bọ̀ ọ́. Ó fi ọwọ́ kan gbé ọrùn ọmọláńgidi náà, ó fi èkejì fọ abíyá, ó fọ ẹ̀yìn etí, ó fọ ìṣẹ́po ọrùn níbi tí wàrà ń sá pamọ́ sí. Ó nù ún gbẹ, ó fi òrí pa á, ó na apá, ó na ẹsẹ̀. Kò mọ̀ pé òun ń kọrin lábẹ́lẹ̀.

Salimot, nọ́ọ̀sì àgbà tó ti tọ́ ọmọ márùn-ún, mi orí. "Ọwọ́ rẹ̀ dáa ju ti èmi gan-an."

"Kò yege," ni Alàgbà wí.

"Kí ló ṣẹ̀?" ni Mọ́mì Stella béèrè.

"Kò jù ú sókè. Ọmọ tí a kò bá jù sókè lẹ́yìn ìwẹ̀, ojo ni yóò dà."

"Ọmọ róbà ni, Alàgbà."

"Mọ́mì, ìlànà ni ìlànà." Alàgbà dìde, ó na apá kóòtù. Timothy ti gbé ọwọ́ sókè, ó ń retí ibi tí àtẹ́wọ́ máa bọ́ sí. "Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ, gẹ́gẹ́ bí Pọ́ọ̀lù ti ṣe. Nígbà tí Olúwa fi Ayọ̀ladé jíǹkí wa, ìyàwó mi lo ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, èmi gba mẹ́jọ tó kù. Haneefah, ka ọjọ́ rẹ̀ sí wọn létí!"

Haneefah ṣí ìwé. "Ọjọ́ karùn-ún oṣù kejì ọdún 2024, títí di ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta, sà."

"Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn," ohùn rẹ̀ ga, "ẹsẹ̀ mi kò tẹ ìta! Ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, orí fóònù ni mo ti ń wò ó! Láàárọ̀, mo wẹ ọmọ! Lọ́sàn-án, mo wẹ ọmọ! Ní ìrọ̀lẹ́, mo tún wẹ ọmọ!"

"Ṣé ọmọ ni àbí mọ́tò?" ni Salimot wí lábẹ́ ètè.

"Omijé mi àti omi ìwẹ̀, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù! Bàbá nìyẹn! Níbo ni Táyọ̀ ti fẹ́ rí irú ọkàn bẹ́ẹ̀?"

Timothy pàtẹ́wọ́. Ọlábímpé, tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé, wo bàtà rẹ̀.

Kí Mọ́mì Stella tó lanu, aago lù. Mẹ́sàn-án. Ẹ̀yin ará, Alàgbà lè ní kí ìsìn oṣù dúró díẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ì bá ti kó o yọ. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni Hámánì rí ẹṣin ọba tí kò fẹ́ gùn ún?

"Ẹ dìde!" ni Timothy ké, ó sì ka gbogbo oyè náà.

"Ẹ ṣí oṣù!" ni Alàgbà pàṣẹ, ó kọ ẹ̀yìn sí ògiri kó lè máa wo ojú àwọn tí yóò máa wò ó.

Haneefah na ọwọ́, ó ṣí i.

"Happy new month! Oṣù á tù..."

Ariwo náà kú sí wọn lẹ́nu. Lára ògiri, Alàgbà wọ gáùn pupa, ó kúnlẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù kan ń dé fìlà onígun mẹ́rin sí i lórí. Lókè wọn ni aṣọ ńlá kan tí wọ́n kọ orúkọ Yunifásítì Òkè Ìyè, Ìkòròdú, sí. Nísàlẹ̀, ní lẹ́tà góòlù tí Alàgbà fi owó gọbọi kún owó ìtẹ̀wé kó lè tàn dáadáa: Saturday, March 9, 2024.

Nígbà tí ìkọ̀wé hàn lára ògiri ààfin Bẹliṣásárì, ó di dandan kí wọ́n ránṣẹ́ pe Dáníẹ́lì. Ti Alàgbà ò nílò Dáníẹ́lì. Èdè Òyìnbó ni.

Mọ́mì Stella bọ́ jígí ojú, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà. "Haneefah, bá mi kà á. Ó lè jẹ́ ojú mi."

Haneefah kà á. Ó tún ṣí ìwé ìsinmi, ó fi ìka sí i. "Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, Mọ́mì. Àárín ìsinmi wọn ni."

"Ìkòròdú wo lẹ wà, Alàgbà? Ṣé wọ́n ti ní Ìkòròdú ní Lewisville ni?"

Alàgbà yíjú padà, ó rí ara rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ohun tó rí kò dára lójú rẹ̀. "Mọ́mì," ló wí, ahọ́n rẹ̀ ń tàkìtì, "ẹ̀mí... Ẹ̀mí ló gbé mi. Bó ti gbé Fílípì kúrò lọ́dọ̀ ìwẹ̀fà, tí wọ́n bá a ní Ásótù."

"Ẹ̀mí tó gbé Fílípì ò lu òǹtẹ̀ sí páásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Ẹ mú tiyín wá ká wò ó."

Kò mú un wá.

"Ọlábímpé," ni Mọ́mì pè jẹ́jẹ́. "Ta ló ń wẹ ọmọ?"

Obìnrin náà dìde. "Ẹ̀gbọ́n mi ní Balch Springs ni, Mà. Aago márùn-ún ìdájí ni mo ń gbé ọmọ jáde, kí n tó padà síbí fún iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méje ni bàbá Ayọ̀ladé lò ní Nàìjíríà. Ọ̀sẹ̀ kẹjọ, oorun àárẹ̀ bàálù ni wọ́n fi sùn."

"O ò sì sọ fún mi?"

"Ọkọ mi ni, Mà. Mo sọ fún Ọlọ́run."

Mọ́mì Stella wo báàfù. "Alàgbà, omi ò tíì tutù. Ẹ ti wẹ ọmọ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹ wá kọ́ Táyọ̀."

Ó lọ. Kí ló fẹ́ ṣe? Ó di ẹsẹ̀ kan ọmọláńgidi náà mú, ó gbé e sókè bí adìẹ tí wọ́n fẹ́ tu ìyẹ́ rẹ̀. Ọṣẹ bọ́, ó wá ọṣẹ, orí ọmọ wọ inú omi. Ó yára fà á jáde, ó fún un mọ́ àyà, àyà róbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ìgbà tí àwọn nọ́ọ̀sì bá ń tẹ̀ ẹ́, "Ká! Ká! Ká!"

"Ó ti rì í, ó wá ń jí i!" ni Salimot wí.

Timothy ò mọ ohun tí èèyàn ń ṣe nírú àkókò báyìí bí kò ṣe ìyìn. "Dókítà, ẹ... ìrìbọmi yẹn dára gan-an, sà."

Ẹ̀rín gba gbogbo ilé. Ṣemílọ́rẹ ta jí, ó figbe ta. Táyọ̀ dìde, ó gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ọmọ náà sì dákẹ́ síbi ìṣẹ́po apá rẹ̀. Mọ́mì Stella wo ìyẹn fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́ sí Alàgbà.

"Òǹtẹ̀ dà?"

Ó gbé e fún un. Mọ́mì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé Táyọ̀, gbì! Ó gbé òǹtẹ̀ náà fún Haneefah. "Láti òní, ọwọ́ rẹ ló wà."

"Madam," ni Timothy sáré wí, ó ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ Haneefah, "kí ni kí n máa pè yín?"

"Haneefah."

"Haneefah kí?"

"Haneefah náà."

Mọ́mì wá kọjú sí Alàgbà. "Bí mo bá fẹ́, mo lè lé yín lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ kan wà tí ẹ jẹ ní gbèsè ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹ lọ sílé, ẹ lọ fún un, láìsí paycheck. Nígbà tí ẹ bá padà, a ó wá iṣẹ́ tí kò ní pátákó nínú."

Bẹ́ẹ̀ ni Nebukadinésárì ṣe kúrò láàfin, tó lọ jẹ koríko bíi màlúù. Alàgbà tiwa jẹ ìyókù ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ọmọ tutọ́ sí.

Ní Monday tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ kẹwàá, Fèyísọ́lá dé Arlington kí oòrùn tó mú, orúkọ rẹ̀ wà láyà aṣọ rẹ̀. Ọlábímpé wa mọ́tò lọ síbi iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ. Kò gba ọ̀nà Balch Springs. Ní aago mẹ́wàá, fóònù Táyọ̀ dún nígbà tó ń gbọn wàrà ọmọ.

"Táyọ̀," ni ohùn kan wí, tó kéré débi pé ó pẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n. "Jọ̀ọ́. Omi yẹn. Ọwọ́ ni àbí ìgúnpá?"

"Ìgúnpá ni, sà. Bí ìgúnpá yín bá gbà á, ara ọmọ á gbà á."

"O ṣé." Ó tún béèrè, "Ìṣẹ́po ọrùn yẹn náà ńkọ́?"

"Ẹ fọ ibẹ̀ dáadáa, sà. Ibẹ̀ ni wàrà ń sá sí."

Láyíwọlá bu omi. Ayọ̀ladé dúró sí ọ̀ọ́kán, ó ń wo àlejò yìí tìfura-tìfura. Nígbà tó gbé e sínú báàfù, ọmọ náà ta ẹsẹ̀, omi dà sílẹ̀, ilẹ̀ ń yọ̀. Láyíwọlá wá nǹkan tí yóò tẹ́ sílẹ̀, kò rí aṣọ ìnura kankan. Ó gbójú sókè, ó rí kàlẹ́ńdà. Ó dúró wò ó, bóyá ìṣẹ́jú kan. Ó yọ ọ́ kúrò lára ìṣó, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ báàfù, gáùn pupa, fìlà onígun mẹ́rin, lẹ́tà góòlù, gbogbo rẹ̀, omi ọṣẹ sì gorí wọn.

Ayọ̀ladé wo ògiri. Ìṣó nìkan ló kù níbẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó wo ojú tó wà lókè orí rẹ̀, tí ọṣẹ ti kùn.

"Daddy?"

"Èmi ni," ni bàbá rẹ̀ dáhùn. Kò fi nǹkan kan kún un.